Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Sàn

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú gbé Etí, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ohùn ọkọ̀, ka orí bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù wa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè lẹ̀ mọ́ irin, ó sì ní kí n tan ẹ́ńjìnnì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà bí ẹni ń fi òòlù lu páànù. Etí kò tóbi ju ìgbín lọ. Àwọ̀ ìyeyè ni, kò sì ní nǹkan kan lára bí kò ṣe ihò wẹ́wẹ́. Ó tẹ́tí sí jíìpù náà títí tí òógùn fi bò mí lábẹ́ ẹ̀wù, kí ó tó fi ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ kan sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ yìí ń ṣàìsàn," ni ó wí. "Àìsàn rẹ̀ kò dín sí ti èṣí."

"Ó dára," ni Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú dáhùn.

Ó dára, ó wí. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kí ó má baà rí bí inú ṣe ń bí mi tó. Ọmọ tí mo lè bí ni. Láti ìgbà tí ó ti dé, "ìwọ" ni ó ń pè mí, bí ẹni pé èmi àti rẹ̀ jọ ṣeré nínú iyanrìn. Ó wọ aṣọ eérú ti Àjọ Ọkọ̀, bàtà rẹ̀ funfun, òǹtẹ̀ dúdú kan sì so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí òǹtẹ̀ yẹn wà fún.

"Mo gbọ́dọ̀ ka òfin fún ọ kí a tó gbéra," ni ó wí. Kò ka nǹkan kan, ó ti há a sórí. "Ọkọ̀ àtijọ́ lè ṣàìsàn. Ọkọ̀ àtijọ́ lè kú. Kò gbọdọ̀ sàn. Ẹni tí ó bá tún un ṣe, a ó gba ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí a bá gba ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ kankan mọ́. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, ọ̀gá."

"Sípáánà dà?"

"Ẹ ti kó gbogbo sípáánà ìlú yìí lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibo ni mo ti fẹ́ rí sípáánà?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo èdìdì pupa tí ó wà létí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún àti lósì, ó fi èékánná ha wọ́n. Odidi ni wọ́n wà, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Àwọn tó ṣe èdìdì yẹn, ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ń họ ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Wọn kò ro ti jíìpù tó ga débi pé obìnrin tó sanra bíi tèmi lè sùn sábẹ́ rẹ̀ kí ó sì yí ara padà. Wọ́n dí orí rẹ̀, wọ́n gbàgbé ikùn. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi sùn sábẹ́ ibẹ̀, tí epo dúdú ń kán sí mi lójú, títí mo fi fi sípáánà kan ṣoṣo tí mo fi pa mọ́ fún Àjọ tú rédíétọ̀ láti ìsàlẹ̀ tí mo sì yọ pọ́ọ̀mpù tó ń ta omi kiri ẹ́ńjìnnì.

Bérìn inú pọ́ọ̀mpù náà, irin róbótó tó ń jẹ́ kó yí geere, ti jẹ. Òun ló ń kan gbà-gbà, òun ló ń da omi nù, òun ni kì í jẹ́ kí jíìpù gun òkè kékeré kan kí ẹ́ńjìnnì má hó. Ilé Àtúnṣe ti Àjọ, tó wà fún ọkọ̀ tuntun, ní àwọn kò ní irú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rín kún un. Inú ẹ̀rọ ìlọta Màmá mi ni mo ti rí èyí tó bá ihò yẹn mu, ẹ̀rọ tí ó fi lọ ata fún gbogbo Òkè-Àlápà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìka ló fi ń wá nọ́ọ̀tì. Ó gbé bérìn náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀rọ mi kú nìyẹn. Jẹ́ kí ọkọ̀ bàbá rẹ yè." Mi ò sọ fún un pé òfin kò gbà á.

Ohun tí Etí gbọ́ yẹn kì í ṣe bérìn jíjẹ mọ́. Nọ́ọ̀tì ni, nínú agolo mílíìkì kan tí mo fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀mpù kí ó máa jó bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n. Mo yọ nọ́ọ̀tì kan, mo fi òmíràn sí i, títí ó fi dún bí àìsàn àtijọ́ gẹ́lẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lára ọkọ̀ yẹn, òun ló dùn mí jù. Mo tún nǹkan ṣe tán, mo tún wá jókòó mò ń bà á jẹ́ létí.

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú ṣí àpótí iwájú, ó ká rọ́bà ẹsẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ ìjókòó mi.

"Kí lẹ ń wá?" ni mo bi í.

"Òkú."

"Òkú ta ni?"

"Òkú ẹ̀yà. Etí kì í ṣe ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́, ó lè ṣìgbọ́. Ẹ̀yà tí a yọ kúrò ni ẹlẹ́rìí. Ibi tí mo bá ti rí òkú, mo ti rí ọwọ́ tó pa á." Ó gbọn eruku kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ń jù ú sódò. Àwọn kan wà tí wọn kì í lè jù ú."

Òkú tí ó ń wí wà lábẹ́ tìmùtìmù ìjókòó ẹ̀yìn. Mo fi àkísà wé e, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì jókòó lé e lórí.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Látẹ́jú. Àjọ ní ẹnì kan nínú ìdílé gbọ́dọ̀ bá wa lọ ṣe ẹlẹ́rìí, òun ni wọ́n sì yàn. Nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀, ó jókòó, ó dìde díẹ̀, ó tún jókòó, ó sì wò mí nínú dígí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ ohun tí ìdí rẹ̀ kàn. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́, aláṣọ eérú wà láàárín wa. Bí mo bá tiẹ̀ lè bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe Bọ̀dá Látẹ́jú ni mo fẹ́ bẹ̀. Láti ọjọ́ tí òfin tuntun nípa ilé orí òkè ti jáde ni òun àti èmi ti ń bá ara wa jà.

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú wọ iwájú. "Gbọ́ èyí tó kù," ni ó wí. "Ilé tí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ bá dé ojúlé rẹ̀ lójú òṣìṣẹ́ Àjọ, ilé ni títí láé. Èyí tí kẹ̀kẹ́ kò bá dé, àpáta lásán ni. Bí ọkọ̀ yìí kò bá dé ojúlé ìyá rẹ lónìí, a ó gé omi Òkè-Àlápà, a ó sì kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí Ilé Gogoro."

"Kí ló dé tí ẹ ò gun ọkọ̀ tiyín lọ?"

Ó wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí ó gbé e wá dúró níbi tí ìlà funfun ojú ọ̀nà pin sí, kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Ọ̀nà tán. Ọ̀nà tán." Níbi tí ọ̀nà ti tán lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà ilé wa ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gíà bọ̀ ọ́, a gbéra.

Ìdajì ìsàlẹ̀ òkè náà kò le. Àpáta fẹ̀, ó tẹ́, koríko gbígbẹ wà láàárín wọn. Mo rọra ń wà á, mò ń gbọ́ agolo mi bí ó ṣe ń jó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú mi kò kúrò lára ọwọ́ aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Kò kọjá àárín. Bérìn ata ń ṣiṣẹ́.

"Kò ní í dé ọ̀hún," ni Bọ̀dá Látẹ́jú wí láti ẹ̀yìn. "Mo ti sọ fún un, ọ̀gá. Ó lágídí."

"Ẹ jẹ́ kí n wa ọkọ̀, Bọ̀dá."

"Màmá ṣubú nínú ojò tó kọjá. Ilẹ̀ ló wà láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Ṣé òkè ló gbé e dìde? Ó yẹ kí ó wà nítòsí dókítà. Ó yẹ kí ó wà níbi tí mo ti lè fi ojú mi rí i."

"Lórí àjà Ilé Gogoro? Níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan?"

"Ó mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí òótọ́ kankan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ ti bi í bóyá ó fẹ́ lọ?" ni mo wí. "Bàbá wa wà nínú yàrá ọ̀hún, abẹ́ ibùsùn Màmá ni wọ́n sin ín sí. Ṣé ẹ máa gbé ìyẹn náà lọ sí Ilé Gogoro?"

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú ń gbọ́ wa bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

A dé ìdí Ìkúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ibi gíga tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí pé ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ gùn ún a máa fi orúnkún tẹlẹ̀ níbì kan. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo sọ̀kalẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fọwọ́ kàn?" ni aláṣọ eérú bi mí kíákíá.

"Táyà iwájú. Kókó kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń yí kí iwájú lè bá ẹ̀yìn fà. Bí mi ò bá yí i, ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa tì wá, a ò sì ní í kúrò níbí."

Mo rò pé yóò ní àtúnṣe nìyẹn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ táyà tirẹ̀, ó fi ìka mú kókó náà, ó sì yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí tí ó fi dún kọ́. Kò wá a. Kò bi mí ibi tí yóò yí i sí.

"Ọwọ́ lásán kì í ṣe sípáánà," ni ó wí. "Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'Ísẹ́yìn kí òfin tó dé. Irú èyí kún ibẹ̀."

Láti àárọ̀, mo ti ń rò pé òpè ni mò ń tàn. Mo yí kókó tèmi, mo padà sí ìjókòó mi, mo sì fi gíà kékeré sí i.

Jíìpù náà gbé imú sókè títí tí mo fi ń wo ojú ọ̀run. Táyà di àpáta mú. Ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ń mí, agolo ń kan gbà-gbà-gbà. Nígbà tí a gun ún débi tí a kò fi lè rí ìsàlẹ̀ mọ́, táyà òsì kó sínú kòtò kan, ọkọ̀ fò, ó sì balẹ̀ gbì. Mo gbọ́ nǹkan kan tó já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ agolo tó ń yí gbirigbiri lórí àpáta, tó ń lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì inú rẹ̀.

Kíkàn dáwọ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn kan ṣoṣo tó mọ́, bí mo ṣe ń rò ó pé yóò dún ní gbogbo ìgbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò ní í purọ́, inú mi dùn. Kò pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an.

"Ara ọkọ̀ yìí ti yá," ni Etí wí láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ara ọkọ̀ yìí ti yá. Ẹnì kan ti tún un ṣe."

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú kò tilẹ̀ mira. "Pa á," ni ó wí.

"Bí mo bá pa á níbí, kò ní í lè gbéra mọ́. Ẹ̀yìn ni yóò máa yọ̀ lọ."

"Mo mọ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ní kí o pa á." Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn. "Òkè ni Àjọ ń wá, kì í ṣe ìwọ. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú síbí, àìsàn ló pa á. Mà á ní Etí ṣìgbọ́. A ó fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wàá sì di ọwọ́ rẹ mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé òkè, ó ti sàn nìyẹn. Mà á wá òkú rẹ̀, mà á sì rí i."

"Pa á, Fọ́yèkẹ́," ni Bọ̀dá Látẹ́jú wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo bẹ̀ ẹ́. Rò ó wò. Móyọ̀sọ́rẹ ńkọ́?"

Ọmọ mi kan ṣoṣo ni Móyọ̀sọ́rẹ. Òkè pátápátá Ilé Gogoro ló ń gbé, níbi tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, àkàbà tó ń gbéni ròkè àti ilẹ̀kùn yàrá, gbogbo wọn ni wọ́n ń yẹ ọwọ́ èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á láyè. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ó tún fáànù ṣe, tí ẹ̀rọ kankan kò dá ọwọ́ náà mọ̀ mọ́. Iwájú ilé ara rẹ̀ ló máa ń dúró sí títí ẹnì kan yóò fi kọjá tí yóò bá a ṣílẹ̀kùn. Omi ẹ̀rọ kì í yọ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá, nígbà tó yá wọn ò wá mọ́. Mo máa ń bá a ṣílẹ̀kùn, mi ò sì jẹ́ wo ojú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ mi wà lórí búréèkì. Mo rò ó, ẹ má rò pé mi ò rò ó. Mo rí Móyọ̀sọ́rẹ lójú mi, mo rí Màmá tí wọ́n fi àga gbé sọ̀kalẹ̀, tí ó ń fi ìka wá ògiri yàrá tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo bàtà funfun tó nà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá mi, inú sì bí mi débi pé mi ò lè ronú mọ́. Mi ò ní í sọ pé akin ni mí. Ìbínú ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búréèkì, mo sì tẹ iná mọ́ ọn.

Jíìpù náà ké. Ó gùn ún, táyà ń ta òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú di irin orí mú, ó ń sọ nǹkan tí mi ò gbọ́. Nígbà tó yá, imú ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, mo rí òrùlé, mo rí igi máńgòrò wa. Mo wà á lọ tààrà dé ojúlé Màmá mi, mo pa á.

"Kẹ̀kẹ́ ti dé," ni Etí wí. "Ilé ni ibí."

Ó ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè pa Òkè-Àlápà rẹ́ mọ́, ẹ̀rọ tiwọn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Aláṣọ eérú ti sọ̀kalẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń wá. Ó tú ìjókòó iwájú palẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ó yọ orí jáde, aṣọ eérú rẹ̀ ti dọ̀tí, ó sì dúró síwájú Bọ̀dá Látẹ́jú.

"Dìde, bàbá."

"Orúnkún mi ni," ni Bọ̀dá wí. "Gbígùn yìí ti ba orúnkún mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Kò wo ojú mi. Ẹni tó ti ń bẹ̀ mí láti oṣù tó kọjá pé kí n jẹ́ kí òkè lọ, ó jókòó pa lé òkú náà bí adìyẹ lórí ẹyin. Òfin kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ Àjọ fọwọ́ fa ẹlẹ́rìí ìdílé. Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú wò ó títí. Ìgbà náà ni Màmá jáde, tí ó ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá ọkọ̀, ó fọwọ́ pa á lára, iwájú dé ẹ̀yìn. "Ó gùn ún," ni ó ń wí. "Ó gùn ún lóòótọ́."

Aláṣọ eérú ṣe ohun tí kò ṣe láti àárọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ. "Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ kú oríire. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni mo ni ín, láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ."

"Ó dára, mà. Ṣé wọ́n ti wá fi àtijọ́ hàn yín?"

Ọmọ oníṣọ́ọ̀bù ni lóòótọ́. Ó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nídìí ọkọ̀ mọ̀, pé ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan lára ọkọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé èyí tó yọ wá síwájú ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún fojú rí i pé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe kọ́ mi. Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ju bérìn jíjẹ náà sódò, tí mo gbé e gun òkè bí òmùgọ̀.

"Òótọ́ ni," ni Màmá wí. "Fọ́yèkẹ́, àtijọ́ dà?"

"Kò sí àtijọ́ kankan, Màmá. Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan."

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi wà. Mo ń ṣẹ́jú sí i bí ẹni tí kòkòrò kó sí lójú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò lè rí ìyẹn.

"O ò pààrọ̀ nǹkan kan?"

"Rárá, mà."

"Bérìn ẹ̀rọ mi ńkọ́? Èyí tí mo fọwọ́ ara mi tú? Ẹ̀rọ tó rán ẹ níléèwé. O ní kí n pa á, mo pa á. Ta lo tà á fún?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé ná."

"Mi ò wọlé. O dúró ní ojúlé mi, lójú àlejò, o ń purọ́ fún mi. Orí ibojì bàbá rẹ ni mo ń sùn. Kí ni kí n sọ fún un? Pé olè ni mo bí fún un?"

Mo gbé e mì. Ó korò ju ohunkóhun tí mo ti gbé mì rí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo rò pé bí aláṣọ eérú bá ti lọ tán, mà á kúnlẹ̀ fún un, mà á ṣàlàyé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ìjókòó ẹ̀yìn dún.

"Kì í ṣe olè, Màmá," ni Bọ̀dá Látẹ́jú wí. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ti dìde, àkísà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tú u. "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Kò jí nǹkan yín. Òun rèé."

Gbogbo ìgbà tí a fi ń jà, kò sọ ohun rere kan nípa mi rí. Ọjọ́ yẹn ló wá sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú na ọwọ́. Mo yára jù ú lọ. Mo gba bérìn náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, mo sì gbé e lé Màmá lọ́wọ́, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ sí i. Ó fi àtàǹpàkò yí i, ó gbé e sétí, ó gbọ́ bí ó ṣe ń họ.

"Ó ti jẹ lóòótọ́," ni ó wí. "O ṣeun. Má bínú."

"Ẹ fún mi, Màmá," ni aláṣọ eérú wí.

"Kí lẹ fẹ́ fi bérìn jíjẹ ṣe?"

Ó ṣàlàyé fún un. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì pariwo. Mo rí i bí ó ṣe ń yé Màmá, díẹ̀díẹ̀, títí tí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹtẹ̀ náà tutù. Ó fi kan ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi kan tòsì, kò dùn mí rárá. Nígbà tí ó ṣe tán, mo yọ fóònù mi, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n lè pe Móyọ̀sọ́rẹ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. "A kò mọ̀ ọ́," ni fóònù wí. Mo nu ìka mi mọ́ ìró, mo tún tẹ̀ ẹ́. "A kò mọ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Àṣàmú ti já Etí kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti wọ iwájú ọkọ̀, ó ti jókòó.

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀," ni ó wí.

"Ẹni tí a gba ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ kankan mọ́," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi láàárọ̀."

Ó wo Bọ̀dá Látẹ́jú, tí kò mọ ọkọ̀ wà, tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó di orí mú. Ó wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo Ìkúnlẹ̀ bí ó ṣe dà sísàlẹ̀ nínú oòrùn. Ó ronú díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lọ pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ di àpáta mú.

Mi ò dúró kí ó lọ tán. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. Mo lọ síwájú jíìpù, mo di èdìdì pupa mú, mo fà á já, tọ̀tún, tòsì. Mo rí i tí ó bojú wẹ̀yìn. Ó dúró díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi òǹtẹ̀, ó sì rántí pé kò sí nǹkan kan tó kù tí yóò tún gbà lọ́wọ́ mi. Ó yí padà, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

"Bọ̀dá," ni mo wí. Mi ò tíì dárí jì í. "Ẹ dìde, ẹ wá bá mi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú."

Ó dìde, ó gbé e sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dí i, oòrùn kò kan ẹ́ńjìnnì yẹn. Okùn tó já ṣì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀mpù. Mo tú u, mo jù ú nù, mo sì fi etí ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku ibẹ̀, mò ń sunkún.